Yorùbá ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì? Gbígbọ́ Ẹjọ́ Tọ̀tún Tòsì

Àwọn baba wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí a ti ń dá tipẹ́tipẹ́, tí kò tíì tán: èdè wo ni ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n gbé ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì lé orí òṣùwọ̀n kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn. Kúdẹtì ni Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí ní ọdún 1853, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Hinderer kan náà ni ó túmọ̀ ìwé ìrìn-àjò onígbàgbọ́ tí John Bunyan kọ sí èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ ní ọdún 1882, kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi owó ìrànlọ́wọ́ tì lẹ́yìn; wọn kò ka èdè wa sí. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di fà-á-kí-n-fà-á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tí ó ń gbe Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò, òun ni a fi ń wá iṣẹ́, òun ni a fi ń bá ará Kánò àti ará Ẹnúgu sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò rẹ̀yìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe òbí tí ó ń sọ èyí ní ẹrú òyìnbó. Ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba, tí ó ń tọ́jú owó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, kò kórìíra èdè rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀nà là fún ọmọ rẹ̀ ni. Èébú kì í ṣe èsì ọ̀rọ̀.

Àwọn ìhà kejì ní ọmọ kò lè gba ìmọ̀ nínú èdè tí kò gbọ́. Ẹ̀rí wọn tí ó lágbára jù ni ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbẹ̀yìn, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ tayọ nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ èdè Yorùbá, inú mi dùn sí ẹ̀rí yìí. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí n tún un yẹ̀ wò. A ṣe ìwé tuntun fún àwọn ọmọ náà, a sì fún wọn ní olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dunjú. Ṣé èdè ni ó gbé wọn ga ni, tàbí ìwé, tàbí olùkọ́? Ohun tí Ifẹ̀ fi hàn ni pé fífi Yorùbá kọ́ ọmọ kì í ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́, bí a bá kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti fi kún un.

Ó kan ìhà kejì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti wọ́gi lé e. Ó ní níbi tí wọ́n ti gba èdè abínibí mọ́ra jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè kan náà bi í. Ọmọ tí ó ṣe ìdánwò WAEC ní ọdún 2025, tí ó lo ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ti jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019. Ìlànà ọdún 2022 kò bá a níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní ìlànà àtijọ́ ti ọdún 1977 ni, kí ó sọ bí ó ṣe ya èdè kúrò lára àìtó olùkọ́, àìríná àti àìsí ìwé. Àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó mú ilẹ̀ mọ́.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjì ni a pò pọ̀: èdè tí a fi ń kọ́ ọmọ, àti èdè tí a fẹ́ kí ọmọ mọ̀. Kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ Kúdẹtì ní ìṣirò, kí olùkọ́ tí ó dáńtọ́ sì máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́. Bí ẹnìkan bá fi àwọn ọmọ tí ìwé àti olùkọ́ wọn dọ́gba hàn mí, tí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sì tayọ, èmi yóò yí ohùn padà. Ìbéèrè kan sì wà tí ìhà tèmi kò tíì dáhùn: ọmọ Hausa tí ó jókòó sí kíláàsì kan náà ńkọ́?

Nítorí náà, kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí." Ó kan àwọn tí a jọ jókòó láti dá mi lóhùn.