Ìkòkò tí ó ní Alángbá Lára

Ẹ̀yin ará Ọ̀tà àti Sàngó, bí ẹnikẹ́ni bá ní ogún náírà lọ́wọ́, kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin tí ẹ rí níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kì í ṣe ayaba o, amọ̀kòkò ni. Ládì Kwali ni orúkọ rẹ̀. Gwárí ni, ọmọ ìlú Kwali ní agbègbè Abuja. Ládì ni àwọn Hausa ń pe ọmọbìnrin tí a bí ní ọjọ́ Àìkú. Orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n fi kún un.

Láti kékeré ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀. Yóò mọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, yóò sì máa fi amọ̀ gbọọrọ bí okùn lé e lórí. Ìkòkò kì í yí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fẹ̀yìn rìn yí i ká títí yóò fi ga. Kí ó tó gbẹ ni yóò fi ohun mímú fa ilà sí i lára: alángbá, àkeekèé, ejò, ọ̀nì, agẹmọ. Àwa tí a ti rí ejò àti ẹyẹ lórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí kò lè ṣàjèjì sí wa.

Ní ààfin Emir Abuja, Suleiman Barau, ni òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, ti rí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1950. Ní 1954 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀, ní ìlú tí a ń pè ní Suleja nísinsìnyí. Wọ́n ń fi amọ̀ funfun dí ojú ilà náà, wọ́n ń ti ìkòkò bọ ohun tí yóò dán bí ìgò, wọ́n sì ń fi iná líle sun ún.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: irú rẹ̀ kò dára fún omi mímu. Àmù ń làágùn, òógùn náà ni ó sì ń mú omi tutù. Èyí tí ń dán kì í làágùn, bí ike tí wọ́n ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ níbí. Wíwò ni wọ́n ń rà á fún.

Ta ni nínú wa ló mọ ẹni tí ó mọ àmù ìyá rẹ̀ àgbà? Wọn kì í kọ orúkọ sí i. Ṣùgbọ́n ní Abuja, Ládì ń tẹ L àti K sára tirẹ̀. Lẹ́tà 2 péré! Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn ní London ní 1958, ẹni tí ó rà á mọ ọwọ́ tí ó ṣe é.

Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè dókítà dá a lọ́lá ní 1977. Ó kú ní 1984. A ṣì lè ka lẹ́tà náà lára àwọn ìkòkò rẹ̀.