Ọ̀rá Ìpara àti Òtútù Òkun

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1875, Matthew Webb, ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òróró ẹran omi pa gbogbo ara, ó sì bẹ́ sínú òkun ní Dover. Wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 45 ni ó fi lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó gúnlẹ̀ sí Calais ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òróró náà ni kò jẹ́ kí òtútù pa á. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Iṣẹ́ ọ̀rá ìpara kò ju pé kí awọ má bó lọ. Iyọ̀ ni omi òkun. Bí apá bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ara a máa ha ara títí abíyá, ọrùn àti itan yóò fi di egbò. Ibẹ̀ gan-an ni a ń fi Vaseline tàbí ọ̀rá irun àgùtàn sí. (Kí ẹni tí ń pa á má sì fi ọwọ́ kan náà mú awò ojú òmùwẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní í ríran mọ́.)

Òtútù ni ọ̀tá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, omi ibẹ̀ kì í sábà gbóná ju ìwọ̀n 18 ní òṣùwọ̀n Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn wà ní 37. Òfin àtijọ́ eré náà kò sì fàyè gba aṣọ rọ́bà. Ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ awọ, ara tí omi tútù ti mọ́ lára fún oṣù púpọ̀, oúnjẹ tí a ń fi okùn nà sí i láti inú ọkọ̀, àti apá tí kò dúró: ìwọ̀nyí ni ààbò.

Ohun tí ó burú nínú òtútù ni pé a máa gba ọgbọ́n orí ènìyàn. Òmùwẹ̀ yóò ní ara òun le, nígbà tí ahọ́n rẹ̀ ti ń lọ́, tí apá rẹ̀ sì ń falẹ̀. Àwọn ará inú ọkọ̀ ni yóò dájọ́, wọ́n sì lè ṣì í dá. Ní ọdún 1925, olùkọ́ Gertrude Ederle, ọmọ Amẹ́ríkà, ní kí a fà á jáde. Ó fi ìbínú sọ pé òun kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1926 ó padà wá, ó fi wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ là á já. Nígbà náà, kò sí ọkùnrin tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí ẹsẹ̀ bá sì kan ilẹ̀, ara ṣì ń tutù sí i fún ìgbà díẹ̀. Aṣọ gbígbẹ ni a ń kọ́kọ́ wọ̀ fún un, kì í ṣe omi gbígbóná.