Ẹ má tíì lẹ kápẹ́ẹ̀tì yẹn!

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ilẹ̀ ọmọ onílẹ̀ o, ilẹ̀ inú yàrá ni.

Nígbà tí mo gba yàrá àkọ́kọ́ ní Ìba, simẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ̀ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ra kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, mo lẹ̀ ẹ́, mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí status. Kí oṣù méjì tó pé, etí rẹ̀ ti ń ká sókè, yàrá sì ń rùn bí aṣọ tí ò gbẹ. Mo ṣí i, abẹ́ rẹ̀ ti bu. Owó mi wọgbó.

Kí ló fà á? Omi ni wọ́n fi po simẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń tẹ́jú ilẹ̀. Òkè rẹ̀ lè funfun kó sì le, síbẹ̀ omi ṣì wà nínú. Ìṣirò àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ ní Ìlú Ọba ni mílímítà kan lóòjọ́, tí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé dáadáa. Tó bá nípọn tó mílímítà 50, ẹ ka nǹkan bí ọjọ́ 50.

Lọ́hùn-ún, nítorí òtútù, wọ́n máa ń ri páìpù omi gbígbóná mọ́ inú simẹ́ǹtì yẹn. Ìlànà wọn ní Yúróòpù ni pé kí simẹ́ǹtì kọ́kọ́ pé ọjọ́ 21, kí wọ́n wá fi ooru díẹ̀ sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ooru rẹ̀ dé góńgó fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n tó lẹ ohunkóhun. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ ilẹ̀ ò kánjú, kí wá ni tiwa?

Tiwa ní Ọ̀jọ́ tún le, etí omi la wà. Tí wọn ò bá tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ German floor nígbà ìkọ́lé, omi abẹ́ ilẹ̀ á máa gòkè lọ́dọọdún. Ọjọ́ 50 ò lè gbẹ ìyẹn. Ẹ bi lánlọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó sanwó. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, táìlì sàn ju rọ́bà àti pákó lọ.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, níbi tí oòrùn ò dé. Ẹ fi í sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kó pé wákàtí 16 ó kéré tán. Tí abẹ́ ọ̀rá bá làágùn, tàbí tí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é níbi méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ sì rántí pé ilẹ̀ tó gbẹ nígbà ọyẹ́ lè rin nígbà òjò.

Èmi dí ilẹ̀ lẹ́nu kó tó mí tán, mo sì jẹ iyán mi níṣu. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ kó wọ ilé tuntun. Ó dìgbà kan ná.