Iná Ìbò: Ta Ló Ń Rù Ú?
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹ̀ka wa sọ ní Èjìnrìn)

A kò ní í fi ọ̀rọ̀ gùn yín, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan ń wọṣẹ́ lálẹ́ yìí.

Nígbàkúùgbà tí ìbò bá ń bọ̀, àwọn olóṣèlú a máa wá wa wá. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́ bí tiwa tó ru iná nítorí ìbò ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn.

Ní oṣù kejì ọdún 1860, Cassius Clay wá sọ̀rọ̀ ta ko ọ̀ràn ẹrú ní ìlú Hartford. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ gbé ògùṣọ̀ sìn ín lóru. Ìhá tó kù lẹ́yìn tí a bá fún epo tán ni a fi ń ṣe ògùṣọ̀ tiwa. Tiwọn jẹ́ agolo epo kékeré tó ń mì lórí ọ̀pá. Epo ń kán sí wọn lára, ni wọ́n bá fi aṣọ dídán tí epo kì í wọ̀ ṣe ìborùn. Ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ẹ̀wù wọn ló wá di aṣọ ẹgbẹ́. Wọ́n pe ara wọn ní Wide Awakes, ìyẹn ni pé àwọn kò sùn.

Ọ̀rọ̀ epo yìí kò jìnnà sí Èjìnrìn. Láyé ìgbà náà, ọjà etí ọ̀sà wa yìí ni àwọn oníṣòwò Èkó ń fi ọkọ̀ ojú omi wá láti ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú. Wọ́n ń kó o lọ sí ìlú Òyìnbó, wọ́n ń fi í ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń fi í pa irin ẹsẹ̀ rélùwéè kó lè yí dáadáa. A kò sọ pé epo Èjìnrìn ló wà nínú ògùṣọ̀ Hartford o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru epo dé etí omi kò sí níbi tí wọ́n ti ń tan àbẹ́là.

Ní oṣù kẹta, àwọn ọ̀dọ́ Hartford yìí kan náà ló sin Abraham Lincoln. Kí ọdún tó parí, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kún apá Àríwá. Ní oṣù kẹwàá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tò ní New York lóru. Ní Boston, àwọn aláwọ̀ dúdú náà ru iná tiwọn. Lójú tiwa, iná yẹn ló wúwo jù, nítorí ará wọn ṣì wà nínú ìdè ní Gúúsù. Lincoln wọlé. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ní 1865 sì ni òfin fòpin sí kíkó ènìyàn lẹ́rú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ògùṣọ̀ àti aṣọ ìpolongo di ọjà tí wọ́n ń tà. Nígbà ìbò 1896 láàrin McKinley àti Bryan, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mìíràn ń sọ fún òṣìṣẹ́ wọn pé bí Bryan bá wọlé, ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ kò ní í ṣí. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá tò sẹ́yìn McKinley, ta ni yóò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Ó ti kan àwa náà. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ènìyàn olùdíje kan wá bá wa níbi iṣẹ́. Wọ́n fún wa ní fìlà àti tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ sì kó wa lọ. Nígbà tí ìpàdé tú, a kò rí ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ni a fi padà sílé. Dírẹ́bà kan nínú wa ní, "Ó kéré tán, tọ́ọ̀ṣì ń tàn." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ̀wé sí ọkùnrin náà nítorí owó iṣẹ́ alẹ́ wa tí wọn kò san, kò fèsì títí di òní.

Ní oṣù karùn-ún 1981, nígbà tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ NLC, àwọn bàbá wa daṣẹ́ sílẹ̀, òfin owó oṣù tó kéré jù, náírà 125, sì jáde lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní fìlà kí wọ́n tó jáde.

Àbá wa nìyí: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí ẹ̀ka yìí tò sẹ́yìn òun, kó kọ́kọ́ wá jókòó níwájú wa, kí a bi í léèrè nípa owó iṣẹ́ àti nípa ọ̀nà, kó sì fọwọ́ sí ìwé ohun tó bá sọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ fúnra rẹ̀, kó lọ, ìbò rẹ̀ ni. Akọ̀wé yóò ka àbá náà báyìí. Ẹ̀yin tó bá fara mọ́ ọn, ẹ nawọ́ sókè.