Àwọn erékùṣù Caribbean tí kò bèèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà: Ojú ọ̀nà ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti lọ sinmi lókè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ká ní tọkọtaya kan wà l'Abuja tí wọ́n ti ń tu owó jọ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Etíkun Caribbean ló wù wọ́n. Wọ́n fẹ́ lo ọjọ́ márùn-ún ní Barbados, kí wọ́n sì lo márùn-ún mìíràn ní Dominica. Ohun tó dùn mọ́ wọn jù ni pé ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ erékùṣù méjèèjì.

Òtítọ́ ni. Barbados ń gba ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wọlé láìsí físà, Dominica náà sì ń gbà á fún ọjọ́ mélòó kan. Amọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó di pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n tó gbọ́ pé àwọn kò lè wọ bàálù. Kì í ṣe Barbados ló kọ̀ wọ́n. Ìlú tí bàálù fẹ́ yà sí lójú ọ̀nà ni.

Físà ibi tí ẹ fẹ́ yà sí

Ó ṣọ̀wọ́n kí bàálù gbéra láti Nàìjíríà lọ sí Barbados tààrà. Lóòótọ́, Air Peace gbé èrò láti Èkó lọ sí Montego Bay ní Jamaica ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, amọ́ ìrìnàjò àkànṣe nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sábà máa ń yà síbì kan, Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, gbogbo èrò tó bá balẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè, ìbáà jẹ́ wákàtí méjì péré ni wọ́n fẹ́ fi dúró. Ọmọ Nàìjíríà tí kò bá ní físà Amẹ́ríkà kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní físà tó wà fún ẹni tó kàn fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tí òfin yọ̀ǹda fún nìkan ni kò ní gbà á, bíi ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ tún ṣọ́ra o: bí bàálù yín bá balẹ̀ sí Heathrow, tí èyí tó ń lọ sí Caribbean sì máa gbéra ní Gatwick, ẹ ní láti jáde wọ ìgboro. Físà inú pápákọ̀ nìkan kò lè gbé yín débẹ̀.

Ní ti Paris, Amsterdam àti àwọn ìlú mìíràn tó ń lo físà Schengen, Nàìjíríà àti Ghana wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó lè dúró nínú pápákọ̀ pàápàá.

Nítorí náà, ẹ mú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà, kí ẹ gba físà ọ̀nà náà, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ gbowó ṣáájú, ẹ wá èyí tó máa dá owó padà bí ìrìnàjò bá yẹ̀. Kí ẹ sì bèèrè òfin tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba àti iléeṣẹ́ bàálù fúnra yín, torí pé òfin ìrìnnà máa ń yí padà.

Láti erékùṣù kan sí èkejì

Lórí àwòrán ilẹ̀, ó dà bíi pé èèyàn kàn lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti Dominica kó lọ wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ọkọ̀ náà wà lóòótọ́. Amọ́ Guadeloupe tó wà ní àríwá rẹ̀ àti Martinique tó wà ní gúúsù rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ Faransé ni méjèèjì wà. Ẹni tí kò ní físà Faransé tó bo ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò.

Bàálù kéékèèké ló ń so ọ̀pọ̀ erékùṣù wọ̀nyí pọ̀. LIAT20, tí Air Peace ti Nàìjíríà ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fò níbẹ̀ lọ́dún 2024. Ẹ má sì ṣi Dominica mú fún Dominican Republic nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Roseau ni olú ìlú Dominica, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń lò níjọba. Santo Domingo ni ti èkejì, èdè Spanish ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Láti ọjọ́ Kìíní oṣù Kẹfà títí dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle. Ìjì Maria ba Dominica jẹ́ gidigidi ní ọjọ́ Kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni ojú ọjọ́ máa ń dára jù, àmọ́ ìgbà náà ni owó hòtẹ́ẹ̀lì máa ń gbówó lórí. Ayẹyẹ Crop Over ti Barbados, tó máa ń parí ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ, bọ́ sí àsìkò ìjì.

Ohun tí ẹ máa mú dání

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ìyẹn yẹ́lò káàdì, ṣe kókó fún ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí náà ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, àdírẹ́sì ibi tí ẹ máa sùn àti ẹ̀rí pé owó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ fi aṣọ tó jọ ti ológun sílẹ̀ nílé, títí kan ti ọmọdé. Òfin Barbados àti ti Dominica kò gba aráàlú láyè láti wọ̀ ọ́. Ní ti owó, dọ́là Barbados méjì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan, nígbà tó jẹ́ pé 2.70 dọ́là ìlà-oòrùn Caribbean ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ sí ní Dominica.

Ibì kan tó yẹ kí ẹ yà sí

Bí tọkọtaya Abuja náà bá dé Barbados, kí wọ́n má ṣe mọ sí etíkun nìkan. Ní Christ Church, ní gúúsù erékùṣù náà, ilẹ̀ ìsìnkú kan wà tó ń jẹ́ Newton. Nǹkan bíi 570 ẹrú tó ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké ni wọ́n sin síbẹ̀, láìsí òkúta tó kọ orúkọ wọn. Lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Barbados láyé ìjọsí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé etíkun gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà òde òní ni wọ́n ti kó wọn sínú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ọ̀nà náà ṣì jìn dòní, físà àwọn ẹlòmíràn ló sì wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ láìfowó ṣòfò, kó kọ́kọ́ wo ojú ọ̀nà, kó tó wo hòtẹ́ẹ̀lì.