Ọ̀RỌ̀ AKỌ̀WÉ NÍ ÌPÀDÉ: BÀTÀ BỌ́Ọ̀LÙ ABẸ́ ÀPÒ GÀRÍ

Ọmọbìnrin ẹnìkan nínú wa ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyá rẹ̀ bá fi bàtà rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àpò gàrí. Mi ò bá a wí, èmi náà ṣe é fún ọmọ mi rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin kan l'Ékòó wa níbí, FC Robo, tó wá di Robo Queens. Asisat Oshoala wọ ibẹ̀ ní 2009. Àwọn òbí rẹ̀ ò fẹ́, ìyá àgbà rẹ̀ ló gbè é lẹ́yìn. Ní 2014 ó gbá góòlù 7 wọlé ní Kánádà, níbi ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin.

Rasheedat Ajibade ńkọ́? Ọmọ Mushin ni, ọmọ àdúgbò wa! Robo ló ti gbéra ní 2013. Ní oṣù keje 2025, òun ni kápúténì Super Falcons ní Rabat. Mòrókò ti gbá 2 wọlé, àyà wa ti ń já nídìí tẹlifíṣọ̀n, àfi bí àwọn ọmọ wa ṣe dá 3 padà, tí wọ́n gba ife Áfíríkà ìkẹwàá.

Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bàtà yẹn jáde. Ìwé ni kó kọ́kọ́ kà, kó gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbọ́ pé bàtà náà ti ya. Ẹni tó bá fẹ́ dáwó òmíì, kó fún akápò.