Ẹ Wo Ẹ̀yìnkùlé Yín fún Ọdún Kan Kí Ẹ Tó Da Kọnkéré

Orí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni ọ̀pọ̀ ilé wa ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò wà. Bí a bá ti kan òrùlé tán, kọnkéré ló kàn, láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, kí a má baà tẹ ẹrẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ ná, kí ẹ máa wò ó láti oṣù kẹta dé oṣù kẹta.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dá, ẹ jáde kí ẹ wo ibi tí omi dúró sí. Tẹ̀tẹ̀ tí a bá gbìn síbẹ̀ á rà. Ibi tó ga díẹ̀ ni kí ẹ kọ ebè sí; láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tẹ̀tẹ̀ á ti tó jẹ.

Oṣù kẹfà àti ìkeje gan-an ni mo ń bọ̀ wá bá. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní gígùn, 60 ní ìbú. Bí òjò mìlímítà 50 péré bá rọ̀ sí i, omi rẹ̀ á kún táńkì onílítà 1,000 mẹ́rìndínlógún. Òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, tó ya wọ ilé káàkiri Èkó, ju mìlímítà 200 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ilẹ̀ tó ní ewéko á mu nínú rẹ̀. Kọnkéré kì í mu. Ibo wá ni omi náà ń lọ? Yàrá kan tí opó háyà nísàlẹ̀ àdúgbò ni. Òun ló ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù lóru, nígbà tí àwa ń sùn. A ń bínú sí ìjọba nítorí gọ́tà, ó sì tọ́ (òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, n kò gbèjà ẹnikẹ́ni), ṣùgbọ́n omi tó gba ẹnu géètì wa jáde, tiwa ni.

Lóṣù kẹjọ òjò á sinmi díẹ̀. Ẹ ro ilẹ̀, kí ẹ tún gbin ewébẹ̀ de òjò àrọ̀kúrò. Láti oṣù kọkànlá, tata á jáde, ọyẹ́ á mú, kànga á fà. Tẹ̀tẹ̀ tí a kò bomi rin á gbẹ, ṣùgbọ́n ewúro á fara dà á. Àsìkò yẹn náà ni ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n lọ́jà. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, ẹ dà á sídìí ewúro.

Ẹni tó ti da kọnkéré tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ fọ́ ibi tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kan péré lẹ́bàá fẹ́ǹsì, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé, kànga àti ṣáláńgá. Ẹ tú ilẹ̀ rẹ̀, ẹ kó ewé gbígbẹ sí i, ẹ gbin ewúro tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí òjò bá tún rọ̀, ẹ dúró lẹ́nu géètì, kí ẹ wo bí omi tó ń jáde ti pọ̀ tó.